Fídíò, Kàtúùnù àti Àwòrán Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Nínú Ẹ̀kọ́: Ta Ni Ó Rí Ohun Tí A Ń Fi Han Àwọn Ọmọ?

Àwòrán tí ń rìn ti di irinṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ó ń béèrè gbọ̀ngàn, aṣọ funfun àti ẹ̀rọ ńlá láyé àtijọ́ ti wà nínú fóònù tí olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fi sápò. Oríṣi mẹ́ta ni àwòrán yìí. Èkínní ni fídíò, èyí tí kámẹ́rà yà láti ara ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Èkejì ni àwòrán àfọwọ́yà tí ń rìn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kàtúùnù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí AI. Lójú ẹni tí ń wòran, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń kọ́ni, ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin wọn, ìyàtọ̀ náà sì dúró lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó rí ohun tí a ń fi han àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Fún àǹfààní àwọn olùkọ́, àwọn òbí àti àwọn àlùfáà, a ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi àwòrán kọ́ni

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ojú a máa ran etí lọ́wọ́. John Amos Comenius, tí a bí ní ilẹ̀ Moravia ní ọdún 1592, jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Àwọn Ará ti Bohemia. Ogun àti inúnibíni lé e kúrò ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ọdún 1658, ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Orbis Sensualium Pictus jáde ní ìlú Nuremberg ní Jámánì. Ìwé ọmọdé ni, tí a kọ ní èdè Látìnì àti èdè Jámánì. Àwòrán kan wà fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà lára àwọn ohun tí ó wà nínú àwòrán náà. Nọ́ńbà kan náà ni ọmọ yóò tún rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Bí ó bá rí òòlù lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, yóò wo nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì wá orúkọ rẹ̀ kàn. Ẹ kíyè sí i pé bíṣọ́ọ̀bù náà kò jẹ́ kí àwòrán dá dúró láìsí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá dúró láìsí àwòrán.

Nígbà tí sinimá dé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan rò pé ìwé ti parí iṣẹ́. Ní ọdún 1913, Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, sọ tẹ́lẹ̀ pé láìpẹ́ ìwé kò ní wúlò mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, àti pé láàrin ọdún mẹ́wàá sinimá ni a ó fi máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ báyìí, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá tún dé pẹ̀lú irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀rọ tuntun.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955 ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí ìjọba fi ná owó náà.

Fídíò: ohun tí kámẹ́rà rí

Agbára fídíò ni pé ohun kan wà níwájú kámẹ́rà nígbà tí a yà á. Àpẹẹrẹ tí ó tayọ ni ti ẹṣin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ya ẹṣin tí ń sáré bí ẹni pé ó na ẹsẹ̀ méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, tí ó sì ń fò bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ènìyàn kò yá tó láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge to ọ̀wọ́ kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ní Palo Alto ní California, ó sì ya ẹṣin bí ó ti ń sáré kọjá. Àwòrán wọ̀nyí fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ká jọ sábẹ́ ikùn ẹṣin ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n nà jáde. Kámẹ́rà tako gbogbo àwọn ayàwòrán, ó sì jàre wọn.

Irú ẹ̀rí yìí ni fídíò ń mú wá sínú kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìwádìí lè rí bí kẹ́míkà méjì ti ń pa àwọ̀ dà. Ọmọ tí ó ti ń kọrin nípa odò Jọ́dánì láti kékeré lè máa rò pé ó fẹ̀ bí Ọya. Fídíò ìṣẹ́jú kan yóò fi hàn án pé odò tóóró ni ní ọ̀pọ̀ ibi, àti pé ènìyàn lè ti etí kan bá ẹni tí ó wà ní etí kejì sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ yóò yé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí fídíò má gùn jù. Ní ọdún 2014, àwọn olùṣèwádìí yẹ ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo fídíò lórí ètò ẹ̀kọ́ edX wò. Wọ́n rí i pé bí ó ti wù kí fídíò gùn tó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní agbedeméjì kì í wò ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àgbàlagbà tí ó fúnra wọn wá ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Kí ni a ó wá sọ nípa ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a fi sinimá wákàtí kan jókòó tì lẹ́yìn ìsìn? Olùkọ́ tí ó ń dá fídíò dúró, tí ó ń béèrè pé kí ni ẹ rí, kí ni ẹ rò pé yóò tẹ̀ lé e, ni ó ń kọ́ni. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ tí ó sì jáde lọ ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọmọ ni.

Ohun kan tún wà. Kámẹ́rà kì í purọ́ nípa ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ eré ni ó wà níwájú rẹ̀. Fíìmù Jesus tí ó jáde ní ọdún 1979, tí a gbé ka Ìhìnrere Lúùkù, tí a sì yà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ó ju 2,000 lọ, Yorùbá wà nínú wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀, Brian Deacon, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kámẹ́rà rí. Àwọn Ìhìnrere kò sọ fún wa bí ojú Olúwa ti rí. Ọmọ tí ó bá wí pé òun mọ ojú Jésù, ojú òṣèré yìí ni ó mọ̀, ó sì tọ́ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Kàtúùnù: ohun tí ojú kò lè dé

Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín kàtúùnù nítorí pé ẹ̀rín ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún. Ní tèmi, òun ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó ń wọ ibi tí kámẹ́rà kò lè wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Kòkòrò tí ń ba ẹ̀wà jẹ́ a máa yé ẹyin sí ara èso náà. Ìdin inú ẹyin yóò lu èso wọlé, yóò máa jẹ ẹ́ láti inú, kò sì ní hàn síta títí yóò fi dàgbà tí yóò jáde. Àgbẹ̀ tí ó rí ihò lára ẹ̀wà rẹ̀ ti pẹ́ kí ó tó rí i. Ọ̀nà kan láti dá a dúró láìlo oògùn ni àpò onípele mẹ́ta tí a mọ̀ sí PICS: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Bí a bá dì í pinpin, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò dínkù, àwọn kòkòrò kò ní lè jẹun tàbí dàgbà, wọn yóò sì kú. Níbo ni a ó gbé kámẹ́rà sí láti fi èyí han àgbẹ̀? Bí a bá ṣí àpò náà kí kámẹ́rà lè ríran, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ohun tí a fẹ́ fi hàn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ayàwòrán lè la àpò náà sí méjì lórí ìwé, kí ó fi ìdin han nínú èso, kí ó sì fi hàn bí afẹ́fẹ́ ti ń tán.

Ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Scientific Animations Without Borders, tí ó ti wà ní Yunifásítì Purdue báyìí, ti ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí pípa ẹ̀wà mọ́, lórí kọ́lẹ́rà àti lórí ibà. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni ó yẹ kí a kíyè sí. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ná. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ọ̀ràn náà á yẹ ẹ́ wò. Ayàwòrán á yà á. Wọ́n á tún padà yẹ àwòrán náà wò. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí èdè yọ̀ mọ́ lẹ́nu á ka ọ̀rọ̀ náà sórí rẹ̀. Àwòrán kan náà ń lọ láti èdè dé èdè, ohùn ni wọ́n ń pààrọ̀. Ó ti dé èdè Yorùbá pẹ̀lú. Fáìlì rẹ̀ kéré, ó ń gba Bluetooth láti fóònù kan sí èkejì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí a bá béèrè pé ta ni ó rí ohun tí kàtúùnù náà fi hàn, ìdáhùn wà: kò sí ojú tí ó rí i bí a ti yà á gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n dájú ni ó dúró lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nílé wa níhìn-ín, Adamu Waziri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àbújá ni wọ́n ṣe Bino and Fino, ìtàn ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, èyí tí ọmọ lè fi kọ́ òǹkà àti ọ̀rọ̀ ní èdè abínibí. Àwọn òbí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà mọ bí ó ti ṣòro tó láti rí kàtúùnù tí ọmọ yóò ti gbọ́ Yorùbá.

Kí a má sì rò pé kí àwòrán ṣáà ti máa rìn ni ó tó. Ní ọdún 2002, Barbara Tversky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ àwọn ìwádìí tí ó fi àwòrán tí ń rìn wé èyí tí ó dúró wò. Wọ́n rí i pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tí ń rìn kò kọ́ni ju èyí tí ó dúró lọ. Níbi tí ó bá sì ti dà bíi pé ó tayọ, ìsọfúnni tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni ó pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ó ń yára kọjá. Richard Mayer ti Yunifásítì California ní Santa Barbara náà ti fi ọ̀pọ̀ ìdánwò hàn pé orin, ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ tí kò kan ẹ̀kọ́ a máa dín ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sọ́kàn kù. Àwọn tí ń fi ìlù àti ìmọ́lẹ̀ kún fídíò Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi títí ẹsẹ Bíbélì fi sọnù sínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá: àwòrán tí kò ní ẹlẹ́rìí

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ OpenAI fi Sora han ayé, ẹ̀rọ tí ń sọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ di fídíò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Google gbé Veo 3 jáde, èyí tí ń fi ohùn àti ariwo àyíká sí fídíò náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó ń gba ayàwòrán ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́? Wọ́n kó àìmọye àwòrán àti fídíò jọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé wọn. Wọ́n ń da àwòrán rú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dà bí ojú tẹlifíṣọ̀n tí kò gba ìkànnì kankan, tí ó kún fún ohun wínníwínní bí iyanrìn. Ẹ̀rọ náà yóò wá kọ́ bí a ti ń tò ó padà. Nígbà tí a bá kọ ìbéèrè wa, inú iyanrìn lásán ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò máa tò ó ní ìpele ìpele títí nǹkan tí ó jọ ohun tí a béèrè yóò fi jáde. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀ tí ó rí nǹkan kan. Kò sí ayàwòrán níbẹ̀ tí ó mọ nǹkan kan. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwòrán tí ó ti jẹ ni yóò fẹ́ bì jáde.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Jẹ́nẹ́sísì kò dárúkọ èso tí Éfà jẹ. Ápù ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù yà títí. Mátíù kò sọ iye àwọn amòye tí ó wá láti ìlà-oòrùn. Mẹ́ta ni wọ́n wà lórí káàdì Kérésìmesì. Ẹ̀rọ tí ó ti jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò máa fa ọwọ́ sí ápù àti amòye mẹ́ta, àwọn ọmọ yóò sì kà á sí ohun tí a kọ sínú Ìwé Mímọ́. Ní ọdún 2025 kan náà, àwọn fídíò kúkúrú gba orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú èyí tí àwọn ènìyàn inú Bíbélì ń fi fóònù ya ara wọn, tí Jónà ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú ẹja bí ọ̀dọ́ òde òní. Ó pa ni lẹ́rìn-ín. Ó tún lè mú ọmọ tí kò kàwé rí ṣí Bíbélì rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò sọ ibi tí Ìwé Mímọ́ parí sí àti ibi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìtàn sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Frontiers in Cell and Developmental Biology, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwòrán eku wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó yà á: ẹ̀yà ara eku náà tóbi ju ti ẹ̀dá lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé rẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ ní èdè kankan. Àwọn ayẹ̀wéwò ti rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn òǹkàwé ni wọ́n pariwo, a sì fagi lé àpilẹ̀kọ náà láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ọdún kan ṣáájú èyí, ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwòrán Póòpù Francis nínú ẹ̀wù òtútù funfun ńlá kan tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ ni póòpù kò wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ rí.

Àǹfààní rẹ̀ kò ṣe é sẹ́ o. Ìjọ kékeré tí kò lè gba ayàwòrán lè rí àwòrán fún ìtàn àlọ́ tàbí òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àròsọ ni. Ẹ̀rọ lè kọ ọ̀rọ̀ sísọ sí ìsàlẹ̀ fídíò fún àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ètò kan jáde tí ń ka ìwé sókè ní èdè tí ó ju 1,100 lọ, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín gan-an ni kí a ti ṣọ́ra. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ohun tí a kọ. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì ohùn, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, yóò sì méfò. Ìtàn Nóà tí ó yẹ kí ó sọ fún àwọn ọmọ pé ọkọ̀ Nóà léfòó lórí omi lè jáde bíi pé Nóà ní ọkọ tí ó fẹ́ ẹ sílé. Ẹ fi àmì sí i pátápátá kí ẹ tó fún ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa fetí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ olùkọ́

Bí àwòrán kò bá ní ẹlẹ́rìí, olùkọ́ ni yóò wá ẹlẹ́rìí fún un. Kò gbọdọ̀ fi àwòrán tí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tàbí pé bí nǹkan kan ti rí nìyí: kì í ṣe ẹ̀yà ara ènìyàn, kì í ṣe àwòrán ilẹ̀, kì í ṣe ìtàn ìlú tàbí ti ìjọ. Bí ó bá lò ó láti fi ṣe àkàwé, kí ó sọ ọ́ ní gbangba kí ó tó tan ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti gbà á gbọ́. Àmì tí ojú kò rí tí Google ń fi sára àwòrán rẹ̀, tí a mọ̀ sí SynthID, wà láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ti Google nìkan kò kó gbogbo ẹ̀rọ já. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwòrán tí kò ní àmì jẹ́ òótọ́.

Ìtọ́sọ́nà tí UNESCO gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 dábàá pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 má ṣe máa lo irú ẹ̀rọ wọ̀nyí fúnra rẹ̀ ní kíláàsì. Ìwé tí Vatican gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025, Antiqua et Nova, gbà pé ọgbọ́n àtọwọ́dá lè ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé wíwà tí olùkọ́ wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àrọ́pò. Ohun tí ó ń jà jù lọ́kàn tèmi ni ti àwọn ọmọ tí a ti fi àwòrán tàn jẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta: wọn kì í gba èyí tí ó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Bí a bá fi fídíò ogun tàbí ti ìṣẹ̀lẹ̀ ibi tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ hàn wọ́n, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní AI ni.

Ọ̀ràn àwòrán àwọn ọmọ fúnra wọn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ lè mú fọ́tò ọmọ kan ṣoṣo kí ó sọ ọ́ di fídíò tí ọmọ náà ti ń ṣe ohun tí kò ṣe rí. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Ìjọ tí ó bá ń ya fídíò ọjọ́ àwọn ọmọdé gbọdọ̀ ní ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́, kí wọ́n má sì fi fọ́tò ọmọ ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ kankan nítorí pé wọ́n fẹ́ kàtúùnù tí ó jọ ọ́. Fún fídíò kọ̀ọ̀kan tí a bá tọ́jú fún kíláàsì, ó dára kí a kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ẹni tí ó ṣe é, bóyá kámẹ́rà, ọwọ́ ayàwòrán tàbí ẹ̀rọ ni ó ti wá, orúkọ ẹni tí ó yẹ ẹ́ wò nínú ìjọ, àti ọjọ́ tí ó yẹ ẹ́ wò. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán tó fún èyí, akọ̀wé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sì lè máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn ọmọ.